Ohùn Ìyá Rẹ Nínú Fóònù Agbẹ́kànga

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ rẹ, mo sì kí àwọn ọ̀gá yín ní yunifásítì tí kì í jẹ́ kí o ráyè. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Bí o bá béèrè èmi, mo wà, mò ń mí, orúnkún mi ń ké bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n mo ṣì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní títì ìlú ńlá yẹn. Kò ní jẹ́ kí o ṣe àṣedànù. Kò ní jẹ́ kí o bí ọmọ tí kò ní gbọ́ èdè rẹ. Mo mọ̀ pé àdúrà yẹn ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbà á ná.

Ìròyìn ilé pọ̀. Yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò. Adìyẹ tí o lé kúrò lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí ẹ̀ ń gba ohùn ìyá rẹ sílẹ̀, tí o ní igbe rẹ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́, ti pamọ, kò tilẹ̀ bá ọ bínú. Agẹrun ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa ti ra jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń ṣáàjì fóònù. Àwọn tó bá bi mí léèrè iṣẹ́ rẹ, mo máa ń sọ fún wọn pé dókítà èdè ni ọ́, nítorí náà ìyàwó agẹrun ní kí n bá òun béèrè oògùn egbò ẹnu lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́ má gbàgbé. Ìjọba sì ti ní kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wa lẹ́yìn ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ kànga yìí ló bí lẹ́tà yìí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Má ṣe kà á bí o ṣe máa ń gbọ́ mi lórí fóònù, tí wàá máa dáhùn hùn-ún, hùn-ún, tí èmi náà á sì máa gbọ́ bí o ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá àwọn agbẹ́kànga tí wọ́n rán wá, àjèjì ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan. Ọkọ̀ rẹ̀ ò lè gba ọ̀nà wa kọjá, ló bá yá kẹ̀kẹ́, ṣéènì kẹ̀kẹ́ já, ni wọ́n bá júwe mi fún un. Ó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí. Mo gbà fún un, àlejò ò mọ̀. Mo dojú kẹ̀kẹ́ dé, mo ń wá ibi tí ṣéènì ti já, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ìyá rẹ kí mi lẹ́yìn pé ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọmọ mi, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ tí a sin kí òjò èṣí tó dá. Kì í ṣe pé ohùn náà jọ tirẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tó ti ń gbọ́ ohùn kan láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ dúdú, a ò lè fi òmíràn tàn án jẹ. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan, àfi onírùngbọ̀n tó gbé fóònù dání, tí òun náà ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e pé ẹ kú iṣẹ́ o, bí ẹni tí oúnjẹ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Mo dáhùn pé òo. Ẹni tó bá kíni là ń dá lóhùn.

Mo rò ó nínú ara mi pé bóyá bí báǹkì ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ gba inú fóònù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa fi òkú náà ránṣẹ́. Kí ni mo mọ̀? Owó tí ìwọ ń fi ránṣẹ́, mi ò rí ibi tó ń gbà wọlé rí, síbẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ó ń dé. Mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní kí n gbọ́ ohun tí ìyá rẹ bá wá sọ.

Ohun tó sọ ò yé mi. Ó ní òun ní ilé kan. Kò pẹ́, ó ní òun ní ilé méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo yíká, nítorí ẹyọ kan tó ń jò yìí ni mo mọ̀ fún un. Ó ní òun ti jẹun, kò tíì gbé e mì, ó tún ní òun ò tíì jẹun. Ìyá rẹ tí kì í purọ́, tí àwọn agbowó-orí bá dé, òun ló máa ń júwe ibi tí mo sá sí fún wọn. Mo ní bóyá ibi tó wà ni ò bá a lára mu.

Ibi tó ti dùn mí ni mò ń bọ̀ yìí. Onírùngbọ̀n tún tẹ fóònù rẹ̀, ìyá rẹ sì sọ ọ́ ketekete, lójú títì, létí agẹrun àti ẹni tó ń fá lórí lọ́wọ́, pé, “Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọkọ mi.” Àjèjì yìí wá gbójú sókè, ó wò mí lójú, ó ní ọkùnrin yìí kì í ṣe ọkọ mi. Kò sọ ọ́ dáadáa, ìyá rẹ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i títí ìyá rẹ fi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí agẹrun ń fá lórí jáde síta tòun ti orí ààbọ̀ láti wá wo ẹni tí wọ́n kọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìyàwó mi dé ọ̀run tán, ó kọ̀ mí sílẹ̀.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ àlejò, mo fi ọ̀wọ̀ gbà á, mo sì gbé e súnmọ́ ẹnu. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, ta ni ọkọ rẹ? Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ìyá rẹ tí kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó máa ń gbọ́ èyí tí mo sọ àti èyí tí mo kàn rò. Mo wá sọ fún àlejò pé inú mi bàjẹ́. Ó ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù, fóònù á ṣe ògbufọ̀. Mo sọ ọ́. Ó wo ohun tí fóònù kọ fún un, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó yọ oògùn inú rírun nínú àpò rẹ̀, ó fún mi. Mo lò ó. Kò ṣiṣẹ́.

Ibi tí a ti ń ṣe èyí ni àlejò ti ní kí n jọ̀wọ́ gbé fóònù wá, ó ní ó ti ń kú lọ. Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gbá fóònù mọ́ àyà, mo sáré kọjá títì tèmi ti orúnkún, mo gbé e lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ agẹrun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín mi, mi ò dá wọn lẹ́bi. Mi ò kàn lè máa wò ó níran kó tún kú lójú mi lẹ́ẹ̀kejì.

O rántí pé fóònù agẹrun ni mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ náà. O ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, gbólóhùn àpẹẹrẹ ni, lára èyí tí ẹ gbà lẹ́nu ìyá rẹ tí ẹ kó sínú fóònù fún àwọn tó ń kọ́ èdè wa. O ní a fi ń kọ́ni bí èdè wa ṣe máa ń sọ pé nǹkan kì í ṣe nǹkan ni, gírámà lásán, o ní ó ní ìtumọ̀ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá wí. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà. Àwọn tó bí wa ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwọ wá ń sọ fún mi pé ìwé ti bá yín rí irú ẹyin kan tí kì í fọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré onírun bí eku yẹn wá. O ní kí ìyá rẹ sọ pé ọmọ náà kú. Ó ní ẹnu òun ò ní sọ ikú ọmọ nítorí ìwé ẹnikẹ́ni, ó ní ọmọ náà sùn, ibẹ̀ náà lo sì bá a dé. O wá da ọ̀rọ̀ rú, o ní ṣé a lè sọ pé ẹja jẹ mo, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. O ya ìràwọ̀ síwájú ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Mo ní ó ṣe bẹbẹ, nítorí nígbà tiwa, ọmọ tó bá gbà á ni tíṣà ń ya ìràwọ̀ fún. O ní rárá, lẹ́nu iṣẹ́ tiyín, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lẹ ń ya ìràwọ̀ sí. Àánú ìràwọ̀ náà ṣe mí.

Nígbà tí àìsàn dé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń mu, kì í ṣe nítorí àìsàn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀fun òun há kí ọmọ òun tó wá gba àwọn gbólóhùn tó kù. Mo pè ọ́, o ní kí n kí i, o ní èyí tí ẹ ti gbà ti tó. Mi ò jíṣẹ́ yẹn fún un. Mo sọ fún un pé o ń bọ̀.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ rẹ, nítorí òun ló kan mí légungun. Lọ́jọ́ tí o sọ̀rọ̀ lórí rédíò, gbogbo wa la pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun. O ní ọmọ tí wọ́n bá fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ọpọlọ rẹ̀ á jí pépé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gbé fóònù fún ọmọ rẹ lọ́jọ́ agbẹ́kànga yẹn, ó kí mi káàárọ̀ nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, èdè àjèjì ló sì fi sọ ìyókù. O rẹ́rìn-ín, o ní ó ń kọ́ èdè wa, o ní ó ti dé ibi mo ní ilé méjì. Mo ní kí o bi í, ṣé ó mọ obìnrin tó ń kọ́ ọ. O bi í. Ó fèsì. O wá sọ fún mi pé ó ní tíṣà inú fóònù ni.

Tíṣà. Obìnrin tó gbé ọ pọ̀n, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán fìlà àkọ́kọ́ tí ọmọ náà dé, òun ló di tíṣà inú fóònù. Ẹ ti kọ́ gbogbo ayé ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ ò ráyè sọ fún ọmọ tí o bí pé ìyá ìyá rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi, ọmọ mi. Mi ò ní fi àdúrà bò ó mọ́lẹ̀.

Agbẹ́kànga padà wá mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Agẹrun ti ṣàlàyé fún un pé olóhùn náà ti kú, pé ìyàwó mi ni. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, kò gbé fóònù jáde rárá, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ó sọ ọ́ bí ìyá rẹ ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó fà á níbi tó máa ń fà á. Ilé ni mo wọ̀ lọ, nítorí mi ò fẹ́ kí àjèjì rí ojú mi. Onírùngbọ̀n ti gba ẹnu ìyá rẹ, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò tíì gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi wá páànù sí yàrá ẹ̀yìn. Fi díẹ̀ kún un kí n fi ra fóònù olójú ńlá, irú ti agbẹ́kànga, èyí tí mo ní yìí ò ní lè gba ohùn ìyá rẹ sínú. Pe ọmọ rẹ jókòó, sọ ẹni tí tíṣà rẹ̀ jẹ́ fún un. Má ṣe rán ẹ̀rọ.

Èyí tó kù yìí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé láti àárọ̀. Lọ́jọ́ tí o ní kó sọ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ọkọ mi, ó kọ́kọ́ kọ̀. O ní Màámi, ẹ kàn sọ ọ́, kò já mọ́ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ nítorí tìrẹ, ojú rẹ̀ sì wà lára mi lábẹ́ àtíbàbà. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó fi ohùn kan náà kígbe pè mí pé, “Oníkẹ̀kẹ́ mi, ẹ má dá mi lóhùn o, ẹ wá jẹun kó tó tutù,” ó sì rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gbà á. O ní kò burú, pé ìdọ̀tí ni ìyẹn, wàá gé e kúrò. Ọmọ mi, àwọn gbólóhùn tó mọ́ tónítóní, ẹ máa fi kọ́ àwọn àlejò yín, mo fi sílẹ̀ fún yín. Bá mi wá ìdọ̀tí yẹn rí. Wo abẹ́ tábìlì rẹ, wo ibikíbi tí ẹ máa ń da èyí tí ẹ bá gé sí, má jẹ́ kí wọ́n gbá a dànù, fi ránṣẹ́ sí mi tòun ti ikọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní di ẹ̀gàn. Nígbà tí ìwọ náà bá dàgbà, ọmọ rẹ á gbọ́ ohun tí o sọ, á sì gbọ́ èyí tí o kàn rò. Kí i fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ, tí í ṣe ọkọ ìyá rẹ.