Màmá Tí Mo Fi Ṣe Àpẹẹrẹ

Ojúlé Kẹsàn-án,
Oregbeni,
Benin City.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Adéníyì, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ dípò kí n pè ọ́. Ojú ló ń tì mí. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí tán lórí fóònù.

Bóyá Tèmidire ọmọ rẹ ti sọ fún ọ. Bí kò bá tíì sọ, ó gbọ́n jù mí lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń kọ́ kíláàsì wọn ní yunifásítì. Àwa onímọ̀ ọrọ̀-ajé ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èrè ara rẹ̀ ni kálukú ń wá, ṣùgbọ́n ìdí tí èèyàn fi ń tọ́ ọmọ tí kò bí kò yé wa dáadáa. La bá lọ yá ọgbọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń wádìí bí ìwà ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹbí nìkan ló yí èèyàn ká, nítorí náà ó ti mọ́ ọkàn wa lára láti ṣàánú ọmọ tó bá wà nítòsí. Bó bá wá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló wà níbẹ̀ lónìí, ọkàn náà á ṣì í pè ní ẹbí.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín, orí mi wú, mo bá ní kí n fún wọn ní àpẹẹrẹ. Mo ní obìnrin kan wà ní Ìkàrẹ́ tó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, tó tún lọ mú ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú, ọmọ ọdún mẹ́fà, tó ń bu ẹran tó tóbi jù fún un. Mo ní èmi ni ọmọ ọ̀rẹ́ náà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà: àṣìṣe ọkàn.

Tèmidire nawọ́. Mo ti gbàgbé pé ó wà láàárín wọn. Ó bi mí jẹ́ẹ́ pé, “Ṣé àṣìṣe ni Màmá àgbà ṣe tí wọ́n fi fẹ́ràn yín ni?” Mo yára nu ohun tí mo kọ kúrò lójú pátákó.

Ẹ̀kọ́ náà kọ́ ló burú, Níyì. Kò rán mi sí ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹyin lọ̀rọ̀ ṣá: akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ká a sí fóònù, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìkàrẹ́ tó wà ní Benin níbí. O mọ Comfort ìyàwó mi, ọmọ Ẹdó ni, kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, “Wetin you do so no good at all. Call Mama.” N kò lè pè. Òun ló pè wọ́n, tó ń bá mi bẹ̀bẹ̀.

Mo ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí èmi nìkan dá wọlé lọ bá wọn. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ni mo bú, síbẹ̀ ìwọ náà ni mo ní tó lè bá mi kúnlẹ̀. Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí àwọn ọmọ.

Comfort ní Màmá gbọ́ ọ dópin, wọn kò bú mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè: “Ta ló sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo bí i?” Adéníyì, láti ọdún méjìlélógójì tí mo ti wọ ilé yín, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí, títí kan ìwọ, nígbà tí a máa ń jà. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, bí o bá ṣì gbà kí n máa jẹ́ bẹ́ẹ̀,
Akíntáyọ̀.