Èdè Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Àmì

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù Kejì, 2014

Àwa mọ́kànlá ló kù ní kíláàsì Faransé. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la wọlé. Àwọn tó lọ ti gba kíláàsì èdè Ṣáínà lọ, níbi tí iṣẹ́ wà. Bàbá mi tún pè láti Kampong Thom. Ó ní, Khena, ta lo fẹ́ máa bá sọ Faransé ní Phnom Penh? Ṣé àwọn àdàbà orí òrùlé ni? Ta ni mo fẹ́ nawọ́ sí?

Olùkọ́ wa, tí a ń pè ní Bàbá Àmì, dá àròkọ mi padà — àmì mẹ́sàn-án ni mo gbàgbé. Ó pé àádọ́rin ọdún lóṣù tó kọjá, síbẹ̀ kò sí àmì orí ọ̀rọ̀ tó lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Ó ní gbogbo àwa ọmọ Khmer la máa ń gbé ìrù ọ̀rọ̀ Faransé mì bí ológbò tó jí ẹja. Ó tún bi mí, níwájú gbogbo kíláàsì, ìdí tí mo fi sọ tábìlì, tó jẹ́ abo ní Faransé, di akọ. Mo ní, Olùkọ́, nílé wa, tábìlì kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, a kàn ń jẹun lórí ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣọ̀wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kejì

Ó ṣubú níwájú pátákó. Ẹfun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó ń kọ ò parí. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi àti Vuthea, ọmọ kíláàsì mi, la gbé e wọ kẹ̀kẹ́ túkùtúkù. Orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi títí a fi dé ọsibítù. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ìyá Yem lorúkọ rẹ̀. Ohùn obìnrin oko. Ó ní, "Ṣé ìwọ lọmọ tó gbé ọkọ mi lọ sọ́sibítù? Jọ̀ọ́, wá. A ti wà nílé. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo rò pé etí ló ń dùn ún. Etí kọ́.

Faransé ni. Faransé nìkan. Rọpárọsẹ̀ ti gbé Khmer, èdè wa, lọ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, kò sọ ọ́, kò gbọ́ ọ. Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, ó lè padà, ó lè má padà. Ìyá Yem ò gbọ́ èdè yẹn rí nínú ilé rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ìrẹsì ni, kò lò ju ọdún méjì lọ ní ilé ìwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kòríà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja.

Bàbá Àmì rí mi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. Ó bi mí ta ni obìnrin yẹn.

Ìyá Yem ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní kí n kí yín."

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta

Mò ń lọ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Omi. Ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń ro òun. Ògì ìrẹsì yìí ti gbóná jù. Èyí ni mo fi ọdún mẹ́ta kọ́.

Ohun kan wà tí mi ò túmọ̀. Faransé ní "ìwọ", ó sì ní "ẹ". Bàbá Àmì kì í fi "ìwọ" bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ o. "Ẹ jọ̀wọ́." "Ẹ ṣé." "Ẹ máà dára yín láàmú." Bí ẹni ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ìyá Yem sì wà níbẹ̀, ó ń nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀. Èmi lè sọ ìyẹn fún un? Mo ń gé e kúrò. Mo ń sọ pé ó fẹ́ omi, tán.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹta

Ó ń pe ẹnìkan. Thavary.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹta

Mo ti mọ Thavary. Ká ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Ilé ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń kọ́ni, Faransé ni wọ́n sì ń sọ nínú ilé, òun, ìyàwó, àti ọmọ wọn, Nimol, ọmọ ọdún mẹ́rin. Oṣù Kẹrin ọdún 1975 ni àwọn aláṣọ dúdú, ọmọ ogun tó gba ìjọba tí wọ́n ń pa ọ̀mọ̀wé, lé gbogbo ìlú jáde. Òòrùn. Èrò bí eṣú. Ọmọ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, Thavary sì ké pè é. "Wá!" Ọ̀rọ̀ kan péré, ní Faransé. Ọmọ ogun kan gbọ́.

Bàbá Àmì wà níwájú, ẹrù lórí. Ọmọ ogun náà bi í: Ṣé o mọ obìnrin yìí?

Ó fi Khmer dáhùn. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rìn lọ. Kò wẹ̀yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gírámà rẹ̀ pé, kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan sí ibi tí kò yẹ. Ó wá bi mí bóyá Thavary ti dé láti ọjà.

Ìyá Yem dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ògì. "Kí ló wí? Ó pẹ́ tó ti ń sọ ọ́."

Mo ní, "Omi gbígbóná ni wọ́n fẹ́."

Ó wò mí. Ó lọ gbé omi gbígbóná wá. Bàbá Àmì ò mu ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù Kẹta

Ìyá Yem ń fọ aṣọ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ń bá a fún omi ara wọn dànù. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò wojú mi.

Ọdún 1978. Ogún ọkùnrin lápá kan, ogún obìnrin lápá kejì. Àwọn aláṣọ dúdú ní kí kálukú di ọwọ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó parí, ẹ ti di tọkọtaya. "Bí ìgbà tí wọ́n ń so màlúù mọ́ àjàgà. Ọkọ mi sọ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ lòun fi ń gbé èrò nílùú, mo gbà á gbọ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn aláṣọ dúdú, tí olúkúlùkù ń sá lọ sílé, mo ní yóò sá fi mí sílẹ̀. Kò sá."

Ó da omi ìfọṣọ sílẹ̀.

"Thavary yẹn, ìyàwó ẹ̀ ni, àbí? Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń gbọ́ orúkọ yẹn lójú oorun ẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí — omi gbígbóná! O ò mọ irọ́ pa."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń sunkún, bí aláìmoye.

Ó ní, "Kọ́ mi. Tó bá ń pè é, kí lèèyàn lè fi jẹ́ ẹ? Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé 'mo wà níbí'?"

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Ìyá Yem ti mọ̀ ọ́n. Ó ń wí i bí àdúrà tẹ́ḿpìlì tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ń gé ewé ọbẹ̀, ó ń wí i. Bàbá Àmì pe Thavary, ó jẹ́ ẹ. Bàbá Àmì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sùn.

"Ṣé mo pè é dáadáa?"

Mo ní ó dáa gan-an. Èmi ni mo kọ́ obìnrin láti máa jẹ́ orúkọ obìnrin mìíràn nínú ilé ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kẹrin

Bàbá mi pè. Ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò kàwé rárá.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Kẹrin

Ìdánwò láàárọ̀. Mo jáde lọ́sàn-án gangan. Ìpè mẹ́fà láti ọ̀dọ̀ Ìyá Yem lórí fóònù.

Ó ti kú.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù Kẹrin

Ijọ́ keje lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn àlùfáà tẹ́ḿpìlì ka àdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ò rí àyè wá láti Kòríà. Èmi àti Ìyá Yem la kó àwo.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní ọkọ òun sọ nǹkan kan kó tó lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń wo òun lójú, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Òun ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun di í mú. Láti ọjọ́ náà lòun ti ń wí i kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó tún ara ṣe. Ó wí i. Ìrù ọ̀rọ̀ pé, kò gbé ọ̀kankan mì.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin kọ́ ni Thavary. Síbẹ̀, ẹ má lọ.

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Irọ́ tó dùn. Ìyá Yem ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ omi gbígbóná. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wà. Mo tiẹ̀ sọ ti "ẹ" náà, pé kò fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, pé bí àlejò ló ń ṣe sí i, pé mo fi pa mọ́ fún un ni. Kó má jìnnà sí òtítọ́ mọ́.

Ó to àwo lórí ara wọn.

"Àlejò kọ́," ó ní. "Láyé àwọn aláṣọ dúdú, wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ léèwọ̀. 'Ìwọ' ni fún ọmọdé, 'ìwọ' ni fún àgbà. Ẹni tó bá sọ 'ẹ', wọ́n á mọ̀ pé ará ìlú ni, ó lè má jí. Ọjọ́ tí wọ́n so wá pọ̀, ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, kí lorúkọ yín?' Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, ọkùnrin yìí fi ẹ̀mí ẹ̀ lé mi lọ́wọ́."

Ó bi mí iye ọjọ́ tó fi ń sọ ọ́.

Mo ní, láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá. Ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ omi.

Kò bá mi wí. Ó gbé àwo, ó wọlé lọ. Ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sáàárín wọn, tí mo ń gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀kan, tí mi ò jẹ́ kó dé etí èkejì.