Obìnrin Tó Jẹ́ Kí Bàbá Rẹ̀ Sọ Tẹnu Rẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Tíṣà Erusha Ghosalkar (1940–2022)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Revdanda, ní etíkun Konkan, ni a ti bí Olóògbé Erusha ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 1940, sínú agbo ilé Cheulkar, ìran Bene Israel, àwọn Júù ilẹ̀ Íńdíà tí ń fún òróró. Bàbá rẹ̀ ni Rahamim Cheulkar, ọkùnrin tí akọ màlúù rẹ̀ kì í yí ọlọ òróró ní Sátidé, Ọjọ́ Ìsinmi wa, tí òun náà kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyá rẹ̀, Seemah, kú ní kékeré. Erusha nìkan ni ọmọ tí ó fi sílẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ abúlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ti girama ní Alibag. Ní ọdún 1961, ó gba oyè yunifásítì ní Bombay nínú ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀. Láti ọdún 1962 títí di 1998 ni ó fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Thane, níbi tí gbogbo ènìyàn, títí kan ọkọ rẹ̀, ti ń pè é ní Tíṣà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, ó fẹ́ Hannock Ghosalkar, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá ńlá Hannock kì í ṣe Júù láti ìbí. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń pe ìran wọn ní “dúdú”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára àwọn yòókù. Rahamim kò wá síbi ìgbéyàwó náà. Títí ó fi kú ní ọdún 1991, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọmọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ku ọ̀sẹ̀ kan, Erusha nìkan ni ó ń wọkọ̀ lọ kí i, a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kí ó sọ bàbá rẹ̀ láìdáa.

Ní ọdún 2003, ó dá Ayẹyẹ Sinimá Àwọn Júù sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn sínágọ́gù wa. Hannock ni ó ń to àga, kò sì dá sí ìjíròrò rí. Lẹ́yìn sinimá kọ̀ọ̀kan, àlejò pàtàkì a sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn a sì bi í ní ìbéèrè fún ogójì ìṣẹ́jú. Tíṣà kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí ìkòkò malida, ìrẹsì dídùn alágbọn tí a fi ń ṣàlejò, kí àkókò náà tó pé, torí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ti jẹun tán, ilé ló ń lọ.

Ẹnìkan a pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Tíṣà, ebi ń pa wá o!”

“Ogójì ọdún làwọn bàbá yín fi rìn nínú aṣálẹ̀,” ni èsì rẹ̀. “Ẹ̀yin ò lè fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó?”

Ní ọdún 2011, ọ̀dọ́bìnrin kan, Leora Satamkar, mú sinimá kan wá tí ó fi ohùn àwọn àgbà abúlé ṣe. Ìyá rẹ̀ ló ti gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ọ̀kan nínú wọn ni Rahamim. Leora ní bí Tíṣà bá fẹ́, òun yóò yọ ti bàbá náà kúrò. Tíṣà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí ó má yọ nǹkan kan.

Nígbà tí Alága sínágọ́gù, Ọ̀gbẹ́ni Bunyamin Nagavkar, gbọ́, ó wá bá a nílé.

“Tíṣà, kí ló dé? Àṣírí bàbá tó bí yín lẹ fẹ́ tú síta yìí! Lójú ọkọ yín!”

“Nígbà tí bàbá mi wà láyé, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti ní kó dákẹ́. Ṣé nínú ibojì lẹ wá fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́?”

“Ẹ lágídí bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́.”

“Ẹ ṣé. Ogún ilé wa ni.”

Alága ní bí ó bá gbé sinimá náà jáde, kí ó lọ wá gbọ̀ngàn mìíràn fún ti ọdún tó ń bọ̀. Gbọ̀ngàn kọ́ ni ó ń kọ Tíṣà lóminú. Hannock ti jẹ́ ọkọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, kò sì tíì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí àna rẹ̀ rò nípa rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ ni ó tó sọ fún un. Hannock ní, “Àga mélòó ni ká tò?”

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ohùn Rahamim: “A kì í gba omi lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. Nígbà tí ọmọ mi lóun máa fẹ́ ọ̀kan nínú wọn, mo tilẹ̀kùn mi.” Lẹ́yìn náà ni ohùn ọ̀hún gé lójijì.

Tíṣà béèrè ẹni tó ní ìbéèrè. Hannock ló dìde láti ẹ̀yìn.

“Ọmọ wa, wọ́n pa ẹ̀rọ yẹn kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ tán. Kí ni wọ́n tún sọ?”

Leora wo ojú Tíṣà kó tó dáhùn. “Bàbá fúnra wọn ló ní kí ìyá mi pa á, sà. Wọ́n wá bi ìyá mi pé, ‘Ọkọ ọmọ mi yẹn, tí mo bá bu tíì fún un, ṣé á gbà á?’”

“Kí ló dé tí wọn ò bi mí?” ni Hannock wí. “Gbogbo Thane ló mọ̀ pé èmi kì í kọ tíì.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń nu ojú. Tíṣà ní kí wọ́n ṣí ìkòkò malida. Ogún ìṣẹ́jú ṣì kù.

Rahamim kò ní ọmọkùnrin tí yóò ka àdúrà òkú fún un. Nígbà tí àyájọ́ ikú rẹ̀ pé ní oṣù tó tẹ̀lé ayẹyẹ náà, Hannock ni ó dìde ní iwájú sínágọ́gù tí ó kà á. Alága Nagavkar ni ó kọ́kọ́ ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ gbọ̀ngàn mìíràn mọ́, Hannock sì ti ń ka àdúrà náà lọ́dọọdún láti ìgbà náà.

Tíṣà sùn ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2022, a sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Lónìí, tí ó pé ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Hannock. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ruby, ní Thane. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Nissim, ní Ashdod ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, Elkan, Tamar, Avner, Keren àti Gilad. Àti ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó kọ́ ní ìwé.

Kí Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù di ẹ̀mí rẹ̀ sínú ìdì ìyè. Sùn ní ìrọ̀rùn, Erusha ọmọ Rahamim.