Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Sọ Lórí Ọ̀kadà

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kí yín dáadáa. Káyọ̀ ti dà mí. Káyọ̀ ọlọ́kadà tí ẹ kọ́ níwèé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó máa ń jókòó ti ìkòkò yín bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Òun náà.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì? Màá dúró síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, màá di máíkì mú, màá fi òyìnbó kéwì nípa òṣùpá àti òmìnira, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a délé, ẹ bi mí pé ta ni mò ń bínú sí gan-an.

Lẹ́yìn ikú yín, mo kó ẹrù mi padà sí Arámọkọ. Gbogbo òyìnbó yẹn gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó ń dún létí mi ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí òkè, lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa wà ní títì pa, ìdí nìyẹn tí a fi gbé yín sáàárín lórí ọ̀kadà, Káyọ̀ níwájú, èmi lẹ́yìn. Èémí yín ti ń já. Ẹ ní, "Ẹ gbé mi re ulé." Ulé! Ẹ̀yin tí ẹ na àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ilé ni kí wọ́n máa pè é, tí ẹ ń fi báírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ò tíì dé Ẹ̀fọ̀n tí ẹ fi lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ di ewì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Mo kọ́kọ́ ké e ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ní èdè tiwa gan-an. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá Ṣadé, télọ̀ ará Ìkìrun tó bá mi wẹ òkú yín, ló dìde tó ń sọ ti ọmọ tirẹ̀ tó kú sójú ọ̀nà kan náà. Ẹlòmíràn tún dìde. Bí ìpàdé wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní gbogbo Sátidé. A lọ sí ìlú Ara, a lọ sí Ẹ̀fọ̀n, a lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà káńsù, ohun kan ṣoṣo la ń bèèrè: kí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn yẹn. Káyọ̀ ló ń gbé mi kiri. Bí mo bá kéwì, òun ló máa ń gbè é. Àṣé ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló wà lẹ́nu rẹ̀!

Ọnọrébù tó fẹ́ padà sí Ilé Aṣòfin wá ṣe káńpéènì. Ọnọrébù yìí kan náà ló ṣèlérí níjọ́sí pé òun á ṣí ilé ìwòsàn, àgádágodo ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo ń bọ̀ láti Ìjerò, mo gbọ́ ariwo ní páàkì, mo wo orí pèpéle. Káyọ̀ ni! Ó dé fìlà ẹgbẹ́ wọn, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbé e re ulé!" Àwọn èrò ń fi orúkọ Ọnọrébù gbè é, wọ́n ń jó. Ilé Aṣòfin ni ulé tiwọn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yín, Yèyé, wọ́n ń ju ìdí sí i! Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo gbà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn díẹ̀ ló wá. Àwọn yòókù ní mo ti tà wọ́n, pé ta ni kò mọ̀ pé ewì mi ni. Èmi! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké e kí wọ́n lè rí i pé mi ò yí padà. Bí mo ṣe dé "re ulé", àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta fi orúkọ Ọnọrébù gbè é. Ìyá Ṣadé ká aṣọ tó ń rán, kò wojú mi. Bí wọn ò bá wá mọ́, ta ló máa bá mi ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn yẹn?

Mo lọ ká Káyọ̀ mọ́lé. Mo rò pé á dọ̀bálẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Ó ní ẹ̀yìn òun lẹ fara tì, etí òun lẹ sọ ọ́ sí. Ó ní ṣé ẹ fi "ẹ" pè mí rí láyé yín, èmi tí ẹ bí lọ́mọ? Ó ní "ẹ" tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, àwa méjèèjì ni, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ tòun, ohun tó bá wu òun lòun lè fi ṣe.

Gírámà rẹ̀ tọ̀nà, Yèyé, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ. Mo bú u, mo bú u tì, mo jáde. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bi yín, ẹ ò dá mi lóhùn. Ṣé àwa méjèèjì ni lóòótọ́? Ká ní "gbé mi" lásán lẹ sọ ni, tèmi nìkan ni ì bá jẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bínú sí yín, tó sì ń ṣàárò yín.