Àwọn Igi Tí Mo Kùn Lọ́dà Funfun

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ iwájú ilé wa wá lónìí. Ọ̀dọ́kùnrin ni, awò lójú, ó mọ̀wọ̀ àgbà. Ó ní wọ́n júwe Bàbá Onígi fún òun ládùúgbò. Ìyàwó mi ní, ẹni náà rèé. Tíṣà ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ewé àti afẹ́fẹ́, òun sì ń wá àgbàlagbà tó ti fi ayé rẹ̀ tọ́jú igi, kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó bi mí lórúkọ igi mẹ́ta tó wà nínú ọgbà wọn. Mo dárúkọ wọn, mo tún sọ bí èèpo ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí. Inú rẹ̀ dùn.

Onígi. Ó rò pé ẹni tó ń gbin igi ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé igi, tí mo ń sun ún di èédú. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Mo ní màá wá. Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá. Kí ló ṣe ẹnu mi?

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ igi wo lẹ fẹ́ lọ sọ?” Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo yẹ ìlẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jáde. Mo tún padà láti àárín ọ̀nà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́bọ̀, 6

Tíṣà mú ìwé kan wá, àwòrán pọ̀ nínú rẹ̀. Ọfà tó ń yípo — láti ewé sí ilẹ̀, láti ilẹ̀ sí afẹ́fẹ́. Mo bi í pé kí ni kábọ́nù tó ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yìí gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. “Èédú ni, Bàbá. Èédú tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni.”

Tíì tí mo ń mu pá mi lórí.

Ó ní ó wà nínú èémí tí à ń mí síta, ojú ni kò lè rí i. Ewé á gbà á, á sọ ọ́ di igi. Ewé á rẹ̀, á jẹrà, ilẹ̀ á gba díẹ̀, ìyókù á padà sínú afẹ́fẹ́. Òkun náà ń gba tirẹ̀. Bó ṣe ń yípo látọjọ́ táláyé ti dáyé nìyẹn. Àfi àwa. À ń wa epo àti èédú inú àpáta tó ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ jáde, à ń jó o. À ń gé igbó tó yẹ kó gbà á padà. Èyí tó ń gòkè wá pọ̀ ju èyí tí ewé lè gbà, ó sì ń bo ooru mọ́ wa lórí bí ìbora.

Mo ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹtì, 7

Àpò igi mẹ́wàá ló ń mú nǹkan bí àpò èédú méjì wá. Èmi ni mo máa ń wọ̀n ọ́n. N kò bèèrè rí ibi tí ìyókù gbà lọ.

Àìkú, 9

Mo lọ kí Eléèéfín, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́. Òun ló máa ń ṣọ́ òkìtì igi tí a bá ti fi ewé àti yẹ̀pẹ̀ bò. Bí èéfín bá ṣì funfun, omi ṣì wà nínú igi nìyẹn. Bó bá ti rí fẹ́lẹ́, tó ń ṣe bí àwọ̀ aró, á ní ká dí gbogbo ihò. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán báyìí. Ẹnu rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ igi. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. “Ìwọ? Kí n bá ẹ gbé àáké dání ni?”

Ó ní a kò mọ̀ nígbà yẹn, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun. Mo ní a mọ ti orí òkè.



Jẹ́ kí n kọ ọ́. Àwọn tó ni òkè yẹn gba ìlérí lọ́wọ́ wa: nínú igi márùn-ún, ká fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó dàgbà jù, kí èso rẹ̀ lè máa hù. Igi ìyá là ń pè é. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kun ọ̀dà funfun yí wọn nídìí. Lọ́dún tí a fẹ́ kó kúrò níbẹ̀, èmi náà ni mo ní ká gé wọn. Kò sẹ́ni tó rí wa. Òkè náà kò hu igi mọ́. Òjò ti wọ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ.

Eléèéfín ní, “Ìyẹn náà lo máa lọ sọ fọ́mọ ọlọ́mọ? Fi mọ síkùn ẹ.”

Ọjọ́rú, 12

Ẹ̀jẹ̀ mi tún ga. Nọ́ọ̀sì ní kí n yé ronú. Ó dà bí ẹni tó ní kí n má mí mọ́.

Ẹtì, 14

Mo sọ òótọ́ — títí dé ibì kan. Mo ní Onígi kì í ṣe ohun tí tíṣà rò. Mo ṣàlàyé òkìtì, iná, èéfín. Tíṣà bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ní, “Bàbá kò mọ̀ nígbà yẹn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò fi ìkankan sílẹ̀ tó lè hù padà ni?”

Mo ní a fi igi ìyá sílẹ̀ lórí òkè. Mo ní iná igbó ló jó wọn.

Ó yọ̀ lẹ́nu mi bí epo. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mo gbà á.

Àbámẹ́ta, 15

Ojú ń tì mí. N kò lè jẹun níwájú ìyàwó mi.

Àìkú, 16

Tíṣà dá mi dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n fẹ́ lọ sórí òkè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí iná ti jó igi ìyá. Ó ní kí n bá wọn lọ.

Igi tí iná pa kì í ní ojú àáké. Kùkùté tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí àpótí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n.

Mo sọ fún ìyàwó mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń ṣa ìrẹsì, kò gbójú sókè. “Mo ti fura tipẹ́. Ẹ kì í jẹ́ ká gba ọ̀nà òkè yẹn.”

Ìṣẹ́gun, 18

Mo dá wọn dúró ní ìsàlẹ̀ òkè, kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́sẹ̀. Mo ní kì í ṣe iná. Èmi ni. Ọ̀dà funfun ṣì wà lára wọn nígbà tí mo gé wọn, mo sì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Tíṣà wò mí. Lónìí, kò sọ pé n kò mọ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ṣí ìwé rẹ̀. “Mélòó ni wọ́n, sà?”

N kò ní láti rò ó. Mẹ́tàlélógún.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ní kí n máa lọ níwájú, kí n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n.