Oògùn tí Ìyá Sìkírù fi ṣe sàráà

Ọjọ́rú, oṣù kọkànlá, 1989

Wọ́n tún gbé Sìkírù padà wá sí wọ́ọ̀dù wa lónìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin, kò wúwo ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Oògùn éèdì tí dókítà wa gbà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ló gbé e dìde níjọ́sí. Oògùn àgbà ni, kò sí ti ọmọdé níbí, ni mo bá ń tú kápúsù, tí mo ń fi abẹ pín lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀, tí mo ń dì í sínú bébà kéékèèké. Kò pé oṣù kan tí Sìkírù fi ń bèèrè ìkọ́kọrẹ́.

Mo bi ìyá rẹ̀ pé oògùn dà.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣebí ara rẹ̀ ti yá. Mo dín àkàrà, mo fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Àwọn tí ibà ń ṣe nínú wọn, mo pín oògùn náà fún wọn. Ohun tí Ọlọ́run fi kó èèyàn yọ, ṣé ó yẹ kéèyàn dá a lò ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òmíràn."

Òmíràn wo? Àbúrò dókítà ti kọ̀wé pé òun ò rí i gbà mọ́.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ àìsàn yẹn fún un rí, kí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ má baà lé e jáde. Èmi ni mo wò ó lójú, tí mo sọ fún un pé oògùn ibà ni.