Gẹ̀ẹ́sì Tí Bàbá Ń Kọ́

Àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa àti ọmọ yín lókè òkun níbẹ̀. Máṣíìnì ìránṣọ mi ti gbádùn. Bàbá ni kò gbádùn, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tún ti gbérí.

Síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ tíṣà àdúgbò. Tíṣà ní kí wọ́n sọ ìṣe, kí ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tọ́ka ọ̀nà tẹ̀lé e, kí ìdí wá kẹ́yìn: jáde síta láti ṣeré, jókòó sílẹ̀ láti jẹun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Bàbá ń pè tí òógùn fi ń bò wọ́n: "Kọ́ọ̀mù báàkì tu síì mí." Padà wá wò mí.

Mo ní, "Ṣé ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Wọ́n ní, "Bàbá ọmọ náà ni. Mo ti fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́ títí, kò dá mi lóhùn."

Olúwa á ṣọ́ yín. Má fi ẹnu dá Bàbá lóhùn o. Ẹsẹ̀ ni kó o fi dáhùn.

Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ, aránṣọ.